Ohun Tí Koku Sọ Níwájú Ìgbìmọ̀

Koku ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n fi ẹjọ́ náà sùn. Bí ẹ bá bi Aikande léèrè bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ibẹ̀ ló máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ń dùn ún jù lọ. Òun fúnra rẹ̀ ò ronú ẹ̀sùn kankan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ò ju pé kó bọ́jú, kó wọ ọkọ̀ daladala lọ sílé ní Sakina, kó wẹ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó má sì sọ ọ́ létí ẹ̀dá kankan.

Ògbufọ̀ làwọn méjèèjì ní Arusha. Níbi tí àwọn ará Bùrúńdì, Kóńgò, Kẹ́ńyà àtàwọn onílé bá ti jókòó ṣèpàdé ńlá, àwọn ni wọ́n máa ń wà nínú yàrá gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń gbọ́ Faransé létí, tí wọ́n sì ń fi Kiswahili sọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá ti gbóná, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ gbàwé ẹ̀rí ni wọ́n ti jọ ń jókòó. Koku, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Kokushubira, ọmọ Bukoba ni, obìnrin gíga, ẹlẹ́rìn-ín. Bí ikọ́ bá gbé Aikande láàárín gbólóhùn, Koku á gba ìyókù rẹ̀ sọ, àwọn tó ń gbọ́ ò sì ní fura pé ohùn ti yí padà.

"Èmi àti Ombeni ọkọ mi ò gbọ́ra wa yé tó báyìí," Aikande máa ń sọ.

Koku á ní, "Ombeni ò gbọ́ Faransé ni."

Ọkùnrin tọ́rọ̀ kàn, Bwana Mgonja, ni igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀. Mwalimu ni gbogbo wọn ń pè é, ìyẹn olùkọ́, torí òun ló kọ́ bí ìdajì wọn níṣẹ́. Òun náà ló ń pín iṣẹ́. Ẹni tó bá wù ú ló ń pè sí ìpàdé olówó gọbọi, ẹni tí kò bá wù ú á máa túmọ̀ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó níwájú kóòtù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń wọ súwẹ́tà sábẹ́ kóòtù rẹ̀ bí òtútù bá mú, kì í sì í gbàgbé orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ náà, aṣojú kan láti Bujumbura ń sọ̀rọ̀ lórí kọfí. Koku jáde lọ mu tíì. Mwalimu wọlé, bí àwọn àgbà ṣe máa ń wọlé wá gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó jókòó sórí àga Koku. Iná pupa máíìkì wà ní títàn. Aikande ń sọ̀rọ̀ lọ, ó kàn rí i pé ọwọ́ dé orí itan òun ni. Ó rò pé àṣìṣe ni. Ọwọ́ náà lọ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Kò lè pariwo. Gbogbo etí tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ló gbé ohùn rẹ̀ wọ̀. Bó bá pa máíìkì, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, gbogbo orí á yíjú sí gíláàsì. Ọkùnrin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi yan àkókò yẹn nìyẹn. Ẹnu Aikande ń sọ nípa kọfí tí wọ́n fọ̀ àti kọfí tí wọn ò fọ̀, ó ń sọ nípa òjò tí kò rọ̀ lásìkò, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Mwalimu gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó dìde, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó rọra sọ pé, "O ń ṣe dáadáa, ọmọ mi."

Ilé ìyàgbẹ́ ni Koku ti bá a, ó ń bì.

"Aika, kí ló dé? Àbí o tún ti lóyún ni?"

"Mwalimu wọlé nígbà tó o jáde."

Ẹ̀rín kúrò lójú Koku. Kò béèrè ohun tí Mwalimu ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í. "Nígbà tí máíìkì wà ní títàn," ó ní. "Ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń gbọ́ orin."

Aikande wò ó.

"Ní Mwanza," ni Koku wí. "Lọ́dún tó kọjá. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ aṣojú tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà parí, Aika. Mi ò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n di ara wọn mú níbẹ̀, wọ́n sunkún. Koku ló kọ́kọ́ nu ojú. "A ò ní dákẹ́ mọ́ o," ó ní. "Ṣebí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfin, wọ́n ní kẹ́ni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́ wá sọ. A máa sọ. A máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ilé Koku ní Njiro ni wọ́n ti kọ ọ́. Koku se ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà, ó sì ń pààrà láàárín ìdáná àti tábìlì. Aikande fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ buwọ́ lùwé, àmọ́ Koku mi orí.

"Gbọ́ mi. Bá a bá jọ kọ ọ́, wọ́n á ní a di tẹ̀ǹbẹ̀lẹ̀kun. Wọ́n á ní ọ̀rẹ́ méjì jókòó, wọ́n hun ìtàn. Tìẹ ló ṣì gbóná, ìwọ ni kó o fi sùn. Tí wọ́n bá pe èmi ní ẹlẹ́rìí, màá wá sọ tèmi. Tèmi á wá wọlé lé e bí ìṣó."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Aikande. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun kan náà ti ṣe Kokushubira ní Mwanza, Koku sì wà níbẹ̀, ó ń ka ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bá a tún ibi tí kò tọ́ ṣe.

Mama Nsekela ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Mbeya ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù. Kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ ra èèyàn lórí. Ó ka ìwé náà tán níwájú Aikande, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àwa mẹ́ta tá a wà nínú ìgbìmọ̀ nìkan ló máa mọ̀ títí a ó fi pe ọkùnrin náà," ó ní. "Ìwọ náà má sọ ọ́. Sọ fún ẹlẹ́rìí rẹ kó pa ẹnu mọ́. Bí ọkùnrin náà bá tètè mọ̀, á lọ máa rìn káàkiri ilé àwọn èèyàn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mama."

"Ó dáa. Lọ jẹun. Ojú ẹ ti jìn."

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí iṣẹ́ fi dáwọ́ dúró. Ìpàdé tí wọ́n ti fi orúkọ Aikande sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti rí ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, òun àti Mwalimu pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó kí i ní shikamoo bí ọmọdé ṣe ń kí àgbà, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó rántí. Mwalimu jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Mo gbọ́ pé ìwé kíkọ lò ń ṣe báyìí."

Aikande mọ̀ pé ó ti gbọ́ nípa ẹ̀sùn náà. Ó sáré lọ bá Koku.

"Èèyàn kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn ti tú u síta," Koku ní, ojú rẹ̀ le. "Àwọn ló kù. Ta ni ì bá tún ṣe? Mama yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo lòun àti Mwalimu ti jọ ń bọ̀?"

Bí Aikande ṣe gba ilé Mama Nsekela lọ nìyẹn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó sì sọ̀rọ̀ sí ìyá tó tó bí i lọ́mọ: pé ẹ̀yin lẹ ní kí n pa ẹnu mọ́, ẹ̀yin lẹ wá lọ ta mí. Mama Nsekela gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Kì í ṣe èmi. Màá sì bi àwọn yòókù léèrè." Ó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì tán lára Aikande dòní.

Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń retí ìgbẹ́jọ́, Koku ò já a jù sílẹ̀. Ó ń gbé mílíìkì wá, ó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Bí Ombeni bá ti wakọ̀ gbé àwọn òyìnbó lọ wo ẹranko, Koku ni yóò wá sùn tì í. "Ní sùúrù," ni yóò máa wí. "Jẹ́ kí ọjọ́ náà pé." Òun náà ṣì ń ríṣẹ́ ní tirẹ̀, ó tiẹ̀ ń ríṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aikande rò pé Mwalimu ò mọ̀ pé orúkọ Koku wà nínú ìwé náà ni.

Ọjọ́ náà pé. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan, òórùn òògùn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mwalimu jókòó sí apá kan pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀, Aikande jókòó sí apá kejì, àwọn ìgbìmọ̀ wà láàárín.

"Yàrá yẹn há," ni Mwalimu sọ nígbà tó kàn án. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Orúnkún lè kan orúnkún. Bí mo bá ti ṣẹ ọmọ mi láìmọ̀, mo bẹ̀ ẹ́."

"Bwana Mgonja, kì í ṣe orúnkún la ń béèrè," Mama Nsekela ní. "Ọwọ́ la ń béèrè."

"Ọwọ́ mi wà lára mi, Mama."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Koku. Ó wọ gáùn tó ń wọ̀ lọ sí ìpàdé ńlá, ó sì fi gèlè kékeré wé orí. Ó kí gbogbo ilé, àmọ́ ojú rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ Aikande. Aikande tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, torí ó rò pé Koku ò rí òun ni.

"Ṣé o rí ohunkóhun lọ́jọ́ náà?" Mama Nsekela bi í.

"Rárá, Mama. Mo lọ mu tíì."

"Aikande kọ ọ́ pé irú rẹ̀ ti ṣe ìwọ náà ní Mwanza."

"Kò ṣe mí, Mama."

Aikande kọ́kọ́ rò pé wọn ò béèrè é dáadáa ni. Àfi bíi pé ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Koku ti ṣì í túmọ̀.

Mama Nsekela fi ìwé náà lélẹ̀. "Ronú dáadáa. Ṣé o sọ fún un pé ó ṣẹlẹ̀?"

Ohùn iṣẹ́ ni Koku fi dáhùn, ohùn tó máa ń lò nínú yàrá gíláàsì, tó tẹ́jú, tí kò ní ìmọ̀lára kankan nínú. "Mo sọ fún un pé ara mi ò yá ní Mwanza. Bóyá bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ó rẹ̀ ẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹ fojú inú wò ó, kí ẹnì kan sọ fún ògbufọ̀, níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, pé etí rẹ̀ ló gbọ́ ohun tí wọn ò sọ. Aikande dìde láìmọ̀.

"Koku! Koku, èmi nìyí. Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn!"

"Jókòó, ọmọ mi," Mama Nsekela ní.

"Ẹ ní kó wò mí lójú!"

Koku ò wò ó. Ògiri tó wà lókè orí Mama Nsekela ló ń wò. Mwalimu ló yíjú sí Aikande, tó mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ẹ má jẹ ẹ́ níyà," ó ní. "Iṣẹ́ yìí máa ń dà wá lórí rú nígbà míì."

Kí Aikande tó sọ̀ kalẹ̀, Koku ti gun ọ̀kadà lọ.

Mama Nsekela fúnra rẹ̀ ló wá sílé láti sọ ìdájọ́ fún un. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tó. Ó jókòó sórí àga láìfẹ̀yìntì, kò fọwọ́ kan tíì tí Aikande gbé fún un.

"Mo gbà ọ́ gbọ́," ó ní. "Àmọ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lo mú wá, ẹlẹ́rìí náà sì ní irọ́ ni. Bí mo bá dá ẹnì kan lẹ́bi torí pé ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀, lọ́la wọ́n á fi ọkàn tiwọn dá ìwọ náà lẹ́bi."

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí ọjọ́ yẹn jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà yín."

"Ìyẹn ti lọ. Ẹni tó tú u síta ni mo ṣì ń wá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Aikande lọ sí Njiro. Koku wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Nígbà tó rí i, kò sá, kò sì dìde.

"Mo mọ̀ pé o máa wá," ó ní.

"Ìwọ lo ní ká kọ ọ́."

"Èmi ni."

"Ǹ bá má kọ ọ́, Koku. Ǹ bá wẹ̀, ǹ bá sùn. Ìwọ lo ní ká kọ ọ́!"

Koku ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ń ju èyí tó dáa nù pọ̀ mọ́ èyí tó ti bàjẹ́. "Àwọn ẹbí Rwegasira àfẹ́sọ́nà mi ti wá mọ̀ mí nílé," ó ní. "Wọ́n fẹ́ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀, ṣé o mọ ìyá rẹ̀? Wọ́n á ní obìnrin tí wọ́n fọwọ́ pa lára, tó sì ń sọ̀rọ̀ lọ bíi pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n á ní ó dùn mọ́ ọn ni."

"Ohun tí wọ́n ń sọ nípa tèmi náà nìyẹn báyìí."

"Mo mọ̀."

"O ì bá sọ fún mi kó tó di ọjọ́ náà. O ì bá ní, Aika, mi ò lè ṣe é. Ǹ bá bínú, àmọ́ ǹ bá mọ̀ pé èmi nìkan ni mò ń lọ."

Koku gbé àtẹ sílẹ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ kejì. Mo lọ bá Mwalimu pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí wọ́n dárúkọ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mo kàn rí i pé mo ti sọ gbogbo ẹ̀ ni."

Aikande ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. "Lọ́jọ́ kejì kí ni?"

"Tá a kọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Gbogbo mílíìkì yẹn. Gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Gbogbo ìgbà tí Koku sùn tì í lórí ibùsùn kan náà, tó ń rọra fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ọmọ, tó ń sọ pé kó ní sùúrù. Ó rán an sílé ìyá àgbàlagbà kan láti lọ fẹ̀sùn kàn án, ó sì mọ̀ pé òun lòun jẹ̀bi ẹ̀sùn náà. Ìbínú ò tiẹ̀ ráyè. Òtútù ló mú un, lójú oòrùn ọ̀sán.

"Kò ṣèlérí nǹkan kan fún mi o," Koku ní. "Ó kàn ní, 'Ọmọ dáadáa ni ẹ́.' Aika, mo rò pé o lè gbé e fún àwa méjèèjì. O lágbára jù mí lọ. Mo fẹ́ kẹ́nì kan sọ ọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kẹ́nì kan sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́," Aikande ní. "O ní mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Kò lọ sí Sakina. Ilé Mama Nsekela ló gbà lọ.

Ìgbìmọ̀ tún jókòó, lórí ọ̀rọ̀ àṣírí tó tú nìkan. Aikande rò pé Koku tún máa sẹ́, Mwalimu náà á sì sẹ́. Àmọ́ nígbà tí Mama Nsekela bi Mwalimu léèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn náà fún un, ọkùnrin náà ò ronú. "Kokushubira ni," ó ní. "Ó wá sílé mi fúnra rẹ̀. Èmi ò pè é." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni gbọn eruku kúrò lára kóòtù. Wọ́n bi í léèrè ìdí tí iṣẹ́ Aikande fi dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ibẹ̀ ló ti ń kálòlò, òun tó kọ́ gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Wọ́n yọ ọ́ nípò igbákejì ààrẹ, wọ́n sì gba iṣẹ́ pípín lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ó fìyà jẹ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kí Koku lọ rọ́kún nílé fún ọdún kan. Wọ́n sì ṣòfin pé ẹni kẹta ò gbọdọ̀ wọ yàrá gíláàsì mọ́ nígbà tíṣẹ́ bá ń lọ. Ní ti ọwọ́ tó dé itan Aikande, ohun tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ dòní ni pé ẹ̀rí ò tó. Àwọn kan kí i kú oríire.

Iṣẹ́ padà wá díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan láti Kigoma ni wọ́n fi ṣe ìkejì rẹ̀, Mama Ntibona, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í ṣàwàdà, tó máa ń pa máíìkì tirẹ̀ lásìkò tó yẹ gan-an.

Inú ọkọ̀ daladala ló wà lọ́jọ́ kan, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ Koku wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Aika, o rí i bó ṣe dárúkọ mi? Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà mí." Aikande kà á, ó tún un kà. Ẹ̀rín kan fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í wojú rẹ̀, ó bi í bóyá kò sí nǹkan.

Ó kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń wọ Sakina, ó wá kọ èyí tó fi ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò tíì bá Koku sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò tíì pe orúkọ rẹ̀ gígùn rí àfi bó bá fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Dada Kokushubira," ó kọ ọ́, Dada tó túmọ̀ sí arábìnrin, bí èèyàn ṣe ń kọ ọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ti fóònù bọ àpò, ó sì ní kí awakọ̀ já òun sílẹ̀ níwájú.